Kámẹ́rà igbó tó ń gbé ìta yípo ọdún: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Kí ni wọ́n ń pè ní kámẹ́rà igbó gan-an?

Kámẹ́rà kékeré kan ni tí wọ́n máa ń so mọ́ ara igi, bátìrì ló ń lò, kò nílò iná NEPA. Sẹ́ńsọ̀ kan wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PIR, òun ló máa ń mọ̀ tí nǹkan tí ara ẹ̀ gbóná bá kọjá. Tí ọ̀yà, ẹtu, túrùkù tàbí èèyàn bá ti gba iwájú ẹ̀ báyìí, á ya fọ́tò tàbí fídíò sínú mẹ́mọ̀rì káàdì, tó bá sì jẹ́ òru, iná infrared tó wà lára ẹ̀, irú iná tí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ló máa fi ríran.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń fi í ṣe o. Lọ́dún 2020, irú kámẹ́rà yìí tí àjọ Wildlife Conservation Society so sórí òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River ló ya fọ́tò àwọn gorilla Cross River pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ẹranko tó jẹ́ pé àwọn tó kù láyé ò ju nǹkan bí 300 lọ. Nílẹ̀ wa níbí náà, wọ́n ń so ó sínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti mọ ibi tí erin ń gbà, àwọn àgbẹ̀ sì ń so ó sóko láti mọ ohun tó ń jẹ wọ́n ní pákí.

Ṣé mo lè so ó síta látoṣù kìíní dé oṣù kejìlá láì gbé e wálé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìta ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti máa dé ìdí ẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí ẹ tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ó lè tó oṣù méjì.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà yìí, òtútù àti yìnyín ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń dánwò, ẹ máa rí i lára páálí ẹ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ látorí 20 sísàlẹ̀ òdo títí dé 60 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn ò kàn wá rárá. Ohun tó ń pa á nílẹ̀ wa ni ọ̀rinrin, èèrà, àti bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ lé e lórí gan-an kì í sábà pa á.

Kí ni IP65, IP66, IP67 tí wọ́n máa ń kọ sí i?

Àmì tó ń sọ bí eruku àti omi ṣe lè wọ inú ẹ̀ tó ni IP. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ nípa eruku, 6 túmọ̀ sí pé eruku ò lè wọlé. Èkejì sọ nípa omi: 5 ni omi tó ń tú jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, 6 ni omi tó ń tú pẹ̀lú agbára, 7 ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Kámẹ́rà tuntun tí rọ́bà tó yí ẹnu ẹ̀ ká ṣì tuntun ni wọ́n fi ń dán gbogbo ẹ̀ wò, kò sì sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó sọ nípa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́.

IP66 ti tó fún oko àti igbó. Àfi tó bá jẹ́ etí odò tí omi máa ń kún bò lẹ fẹ́ so ó sí, ẹ má torí 67 sanwó lé e.

Kò sí ihò kankan lára kámẹ́rà mi, báwo ni omi ṣe dé inú ẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń pa á, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa gbóná, á fẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jáde. Nírọ̀lẹ́ tí òjò bá wá dé lójijì, gbogbo ẹ̀ á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù á sún kì, á wá fa afẹ́fẹ́ ìta tó kún fún ọ̀rinrin wọlé. Tó bá dòru, ọ̀rinrin yẹn á dì mọ́ ẹ̀yìn lẹ́ńsì bí ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn. Báyìí ló máa ṣe lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sídìí tí omi ò fi ní kóra jọ.

Ẹ kọ́kọ́ máa rí i nínú fọ́tò ìdájí, gbogbo ẹ̀ á rí bàì bí ẹni pé kùrukùru wà, tó bá di aago mẹ́wàá fọ́tò á tún mọ́. Tí ẹ bá ti rí èyí, ẹ má dúró títí ìparí oṣù, ẹ lọ síbẹ̀, torí ohun tó kàn ni pé pátákó inú ẹ̀ tí wọ́n to wáyà àti ẹ̀yà iná sí (circuit board) máa bẹ̀rẹ̀ sí í hu àwọ̀ ewé, tó bá ti dé bẹ́ẹ̀ owó ti wọgbó nìyẹn.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ibòji, kí oòrùn ọ̀sán má máa pa á tààrà, àti òrùlé kékeré. Ẹ gé ara kẹ́ẹ̀gì tó ti bàjẹ́, ẹ kàn án mọ́ igi lókè kámẹ́rà kó yọ síwájú tó ìka mẹ́rin. Ẹ tún wo abẹ́ ẹ̀, ìdérí rọ́bà kékeré kan wà tó bo ibi tí wọ́n ń ki wáyà bátìrì ìta sí, ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rinrin máa ń gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nylon wé e. Nylon á sé ọ̀rinrin mọ́ ibẹ̀, lóru iná infrared á kọlù ú, á ta padà, gbogbo fọ́tò á funfun.

Ṣé sílíkà, hóró inú àpò kékeré tó máa ń wà nínú bàtà tuntun, lè fa ọ̀rinrin yẹn mu?

Ó lè fà á tó bá ṣì gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà ní gbangba nínú páálí bàtà láti ọjọ́ yìí ti mumi yó. Ẹ tú hóró inú ẹ̀ sínú páànù, ẹ gbé e sínú ààrò òyìnbó tó gbóná tó 120 lórí ìwọ̀n Celsius fún wákàtí méjì, kó tutù nínú ìgò tí wọ́n dé pa, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má gbé e sínú iná pẹ̀lú àpò ẹ̀ o, àpò yẹn máa yọ́. Èyí tó ń pa àwọ̀ dà ló dáa jù torí á sọ fún yín nígbà tó bá ti kún, àwọ̀ ọsàn ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó jẹ́ búlúù ní kẹ́míkà cobalt nínú, kò dáa kọ́mọdé fọwọ́ kàn án.

Ìrẹsì tútù táwọn kan ń fi sí i kò lágbára tó, kòkòrò ló máa pè wá.

Rọ́bà tó yí ẹnu kámẹ́rà ká ńkọ́?

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni kẹ́ ẹ nù ún, torí iyẹ̀pẹ̀ kékeré kan tàbí fọ́nrán koríko kan ti tó láti gbé e sókè tí omi á fi wọlé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé àti lásìkò ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, ẹ fi gíríìsì silicone díẹ̀ pa á. Ẹ má lo Vaseline, ó máa ń mú irú rọ́bà kan wú tàbí kó rọ̀ jù. Tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Bátìrì wo ló dáa jù?

Lithium AA ni mo máa mú fún ibi tó jìn, torí 1.5V ẹ̀ kì í tètè wálẹ̀, ooru ò dà á láàmú, kì í sì í sábà yọ omi. Owó ẹ̀ ló wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ro owó ọ̀kadà àti ẹsẹ̀ tí ẹ fi máa rìn wọgbó láti pààrọ̀ alkaline, ẹ máa rí i pé ó jẹ́rìí ara ẹ̀.

Fún oko tí kò jìn sílé, NiMH tó ṣe é ṣájì dáa gan-an, àmọ́ 1.2V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀. Kámẹ́rà tó ń gba mẹ́jọ máa rí 9.6V dípò 12V, àwọn kámẹ́rà kan á ní bátìrì ti kú nígbà tí kò tíì kú, iná alẹ́ wọn náà lè rẹlẹ̀. Ẹ wo ìwé ẹ̀ bóyá ibì kan wà nínú setting tẹ́ ẹ ti lè yan NiMH.

Alkaline, ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kú pátá sínú ẹ̀ torí ìgbà yẹn ló máa ń yọ omi. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi sí tọ́ọ̀ṣì àti rédíò, ẹ má fi síbẹ̀ rárá. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù, ẹ má da oríṣi méjì pọ̀, èyí tí kò lágbára nínú wọn ló máa kọ́kọ́ bẹ́.

Bátìrì ti yọ omi sínú kámẹ́rà, ó ti hu funfun. Ṣé ó ti tán?

Kò tíì tán. Funfun yẹn máa ń jó ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yọ bátìrì kúrò. Ẹ fi òwú tí ẹ tì bọnú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ó máa hó díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi spirit nù ún kí ọsàn náà má bàa dúró síbẹ̀. Tí irin ẹ̀ bá ṣì dúdú, ẹ fi rábà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé ha á títí á fi dán. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó ki bátìrì bọ̀ ọ́.

Kí ló dé tí kì í ya nǹkan kan lọ́sàn-án lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn?

Kò bàjẹ́. Ìyàtọ̀ ooru láàárín ara ẹranko àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wò. Lóṣù kejì àti ìkẹta tí ooru ìta bá ti ń súnmọ́ ooru ara ẹranko, ìyàtọ̀ yẹn á kéré, ọ̀yà lè kọjá níwájú ẹ̀ kó má rí i. Ibi tó ní ibòji ló dín èyí kù. Ẹ kọjú ẹ̀ sí àríwá tàbí gúúsù, tó bá kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, oòrùn á máa wọ̀ ọ́ lójú láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, ike iwájú sẹ́ńsọ̀ á sì tètè gbó.

Èèrà, ikán àti agbọ́n ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo kà sí ọ̀tá. Èèrà fẹ́ràn ibi tó gbẹ tó sì móoru, inú kámẹ́rà ló máa wá yé ẹyin sí, ihò máìkì àti ihò wáyà ló ń gbà wọlé. Ikán á gba ara igi gòkè, á fi amọ̀ bo kámẹ́rà àti okùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Agbọ́n á kọ́lé sẹ́yìn ẹ̀, níbi tẹ́ ẹ máa ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ fi igi gígùn kan án kẹ́ ẹ tó súnmọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn kòkòrò lu kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní DEET ṣe máa ń yọ́ ike, ó máa ba lẹ́ńsì jẹ́ kíákíá, kódà tó bá wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fi dì í mú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi gíríìsì pa ara igi yípo lókè àti nísàlẹ̀ kámẹ́rà, kẹ́ ẹ sì gé gbogbo ewé àti ìtàkùn tó kàn án, torí ewé kan ti tó fún èèrà láti fi ṣe afárá. Ihò máìkì, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, ohùn á ṣì wọlé.

Tó bá jẹ́ igi gbígbẹ tàbí òpó lẹ fi so ó, ikán ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ wá igi tútù.

Ọyẹ́ àti iná igbó?

Eruku ọyẹ́ máa ń bo lẹ́ńsì láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù, ẹ wá fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò nù ún, torí tẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku tààrà ẹ máa ha á.

Iná ló burú jù. Láti Òkè-Ògùn lọ títí dé apá igbó Ọ̀yọ́ Ilé, ìgbà yẹn kan náà ni wọ́n ń sun igbó, iná koríko gíga lè yọ́ kámẹ́rà tó wà ní ìwọ̀n orúnkún. Ẹ ro ìdí igi náà yípo tó mítà méjì sí mẹ́ta kóṣù kọkànlá tó parí, kẹ́ ẹ kó koríko ẹ̀ kúrò pátá. Tẹ́ ẹ bá mọ àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran agbègbè yẹn, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa ń sun ún, kẹ́ ẹ yọ káàdì kó tó dìgbà náà.

Igi wo ni kí n so ó mọ́?

Igi tó sanra tó itan, tó dúró gírí, tí afẹ́fẹ́ ò lè mì. Igi tí afẹ́fẹ́ ń mì ló máa mú kámẹ́rà ya ewé lásán títí bátìrì á fi tán. Igi náà ń dàgbà, okùn tẹ́ ẹ fún mọ́ ọn lọ́dún tó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lára, ẹ máa tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Okùn polyester ló ń bá oòrùn pẹ́ ju nylon lọ.

Mẹ́mọ̀rì káàdì ń pẹ́?

Ó ń pẹ́ tó bá jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, wọ́n á kọ 128GB sí i lára, inú ẹ̀ ò ní tó 16GB. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ kì í ka èyí tó ju 32GB lọ. Inú kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa format ẹ̀, ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní káàdì méjì fún kámẹ́rà kan, ẹ mú ọ̀kan lọ, ẹ mú èkejì bọ̀, kẹ́ ẹ má baà ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ọ̀rinrin nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò.

Báwo ni mo ṣe máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè?

Àpótí irin, okùn irin àti agádágodo ń dín in kù, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àdá lè gé igi náà. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kẹ́ ẹ lọ rí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun. Ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ fi fọ́tò tó ti wà nílẹ̀ hàn wọ́n, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe fọ́tò èèyàn tó bá wọ inú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń fọ́ kámẹ́rà, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé ìjọba ń ṣọ́ wọn.

Iná infrared tí wọ́n kọ 850nm sí máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lóru, ó sì ń fa ojú. 940nm kì í hàn, ṣùgbọ́n kì í ríran jìnnà tó ti àkọ́kọ́. Níbi téèyàn ń gbà, 940 ni kẹ́ ẹ mú.

Erin àti ọ̀bọ tó ń fọ́ ọ ńkọ́?

Erin máa ń gbóòórùn ọwọ́ èèyàn lára ẹ̀, á fà á tu, á tẹ̀ ẹ́. Ẹ so ó ga kọjá ibi tí ìmú ẹ̀ tètè dé, kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi àpótí irin tí wọ́n fi bóòlù kàn mọ́ igi. Ọ̀bọ kì í sábà fọ́ ọ, yíyí ló máa yí i sápá ibòmíì, ẹ ti ẹ̀yìn ẹ̀ kì í pẹ̀lú igi kó má lè yí.

Ṣé sólà á jẹ́ kí n bọ́ lọ́wọ́ bátìrì?

Lóko gbangba, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú igbó tó ṣú dùdù, rárá, oòrùn tó ń wọlé níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ so páànẹ̀lì sókè níbi tí oòrùn ń bọ́ sí, ẹ fi wáyà fà á sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wáyà náà kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè wọ kámẹ́rà kí omi òjò má baà tọ̀ ọ́ wọlé. Ẹ ṣì fi bátìrì AA sínú ẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ bá ṣú lóṣù keje.

Èyí tó ń lo SIM ńkọ́? Ọmọ mi fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.

Ẹ ní kó béèrè kó tó rà á bóyá wọn ò tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní gba SIM wa. Tó bá gbà á, ẹ fi fóònù wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìdí igi yẹn gan-an. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń lọ tó ń bọ̀, kámẹ́rà á máa wá a títí bátìrì á fi kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Fọ́tò ọ̀sán mi ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tòru sì mọ́. Kí ló ṣe é?

Gíláàsì kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń bo sẹ́ńsọ̀ fọ́tò lọ́sàn-án kí infrared má wọlé, á sún kúrò lóru. Ọ̀rinrin tàbí eruku ti há a mọ́ ibi tó ń sún sí lóru. Ẹ fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tó bá wà ní títàn, nígbà mìíì ó máa ń já. Tí kò bá já, ẹ ṣì lè lò ó fún òru nìkan, ọ̀pọ̀ ẹran igbó wa òru náà ni wọ́n ń rìn.

Ọdún mélòó ló yẹ kó lò?

Èyí tí owó ẹ̀ ò pọ̀, tí wọ́n tọ́jú dáadáa, lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta nínú igbó òjò, nílẹ̀ ọ̀dàn ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wọ́n gan-an bíi Reconyx HyperFire 2, àwọn tó ṣe é fún un ní ìdánilójú ọdún márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà ẹranko ọ̀pọ̀ ọdún síbì kan náà, ẹ ra irú ẹ̀, torí kámẹ́rà tó kú láàárín ọdún á fi àlàfo sínú àkọsílẹ̀ yín, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa dí i.

Odò kún bo kámẹ́rà mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má tàn án wò. Ẹ yọ bátìrì àti káàdì lójú ẹsẹ̀, fọ́tò inú káàdì sábà máa ń yè, ẹ fi omi mímọ́ ṣan káàdì náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tí omi ẹrẹ̀ bá ti wọnú kámẹ́rà, ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fi isopropyl alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ pátákó ẹ̀, kì í ṣe omi lásán. Ẹ gbé e síwájú fáànù níbi ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Tó bá jí, ẹ tún déètì àti aago ẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó so ó padà. Kámẹ́rà tó pàdánù iná sábà máa ń padà sí déètì tí wọ́n ti ṣètò sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, fọ́tò gbogbo ọdún yẹn á wá wúlò fún wíwò nìkan, ẹ ò ní lè fi ṣírò ìgbà tí ẹranko kankan kọjá. Ẹ so ó sí àyíká ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì ná kẹ́ ẹ fi wò ó bóyá fọ́tò ìdájí ẹ̀ mọ́.